Ará Ilé Kan Ṣoṣo

Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ̀rọ̀ òkun tí wọ́n là kọjá. Àwọn tó lọ sí Kùmásì ń sọ ti góòlù. Èmi náà lọ sí ìdálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo lọ. Láti Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò ju ọgbọ̀n máìlì ó lé díẹ̀ lọ. Tí lọ́rì kò bá takú lọ́nà, ẹni tó mu ẹ̀kọ kúrò nílé láàárọ̀, ebi kò tíì ní í pa á tó máa fi débẹ̀. Kò sí òkun, kò sí òjò yìnyín, èdè kan náà la jọ ń sọ. Síbẹ̀, ọdún méjì tí mo lò níbẹ̀, mo jìnnà sílé ju ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, ẹ̀bi mi sì ni.

Iṣẹ́ dísípẹ́nsà ni mo kọ́. Ẹni tí kò bá mọ dísípẹ́nsà, òun ló ń ro oògùn sínú ìgò, òun ló ń ka hóró sínú bébà, òun ló ń di egbò, ó sì ń wọ aṣọ funfun kí àwọn èèyàn lè ṣèèṣì pè é ní dókítà. Nígbà tí mo máa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ nílé pé ìjọba ló gbé mi lọ, pé kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Irọ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà, tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé mi kúrò ní Ọ̀yọ́.

Ìyá mi ni mo ń sá fún. Aláró ni wọ́n, ẹnu iṣẹ́ náà ni mo bá wọn. Lẹ́yìn tí àbúrò mi obìnrin kú, wọ́n pa ìkòkò aró tì. Wọn ò sunkún, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń jókòó. Wọ́n ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn bí ìgbà tí èèrà bá ń wọ́ lọ. Wọ́n ní àyà àwọn ń já, oorun kò wá. Ọwọ́ wọn tó máa ń dúdú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú wá mọ́ tónítóní, ẹ̀rù ọwọ́ mímọ́ yẹn sì bà mí. Èmi tí mo ń di egbò aráyé, mi ò lè jókòó ti ìyá mi fún wákàtí kan.

Ní ti ẹni tó fà á, a ti mọ̀ ọ́n nínú ẹbí kí a tó wá ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìyálé ìyá mi ni, ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà. Ta ni ì bá tún jẹ́? Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àbúrò ìyá mi ti pè mí sí kọ̀rọ̀ tó ní kí n má jẹun lọ́wọ́ obìnrin yẹn mọ́, mi ò sì jẹ ẹ́ mọ́. Tó bá bù fún mi, màá ní mo ti yó. Bàbá mi ti kú, àwọn àbúrò ti wà nílé ọkọ, ó wá ku àwọn ìyá méjèèjì nínú ilé. Ẹ rí ọgbọ́n mi: mo gbà tọkàntọkàn pé obìnrin náà ń pa ìyá mi díẹ̀díẹ̀, mo wá di ẹrù mi, mo fi ìyá mi lé e lọ́wọ́, mo lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìdálẹ̀ ni oúnjẹ àárọ̀. Wọ́n máa ń ki Ògbómọ̀ṣọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Mo rò pé oríkì lásán ni. Ìyá onílé mi gbé ọkà gbígbóná síwájú mi nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lára ewé, ó sì dúró tì mí.

"Ẹ jẹ ẹ́ tán o, àlejò," ó ní. "Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ kì í fi omi ẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀."

Èmi ọmọ Ọ̀yọ́, ajíṣebí Ọ̀yọ́ là ń rí, tí mo gbà pé àwa la kọ́ gbogbo ayé ní ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ jíjẹ, mo jẹ ẹ́, òógùn ń bọ́ lára mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ní kó bù sí i.

Ohun kejì ni pé wọn kì í pe orúkọ mi. "Ọ̀yọ́" ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Ọ̀yọ́ dọ̀bálẹ̀, inú ẹ̀ lóòró ló wà. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé wọn ò parọ́ mọ́ mi. Tí wọ́n bá bi mí pé, "Ìyá ńkọ́ nílé?" màá ní, "Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí yín," àyà mi nílẹ̀, inú mi lókè lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ ìsinmi mo máa ń rìn lọ sí Sábó, lọ jókòó lọ́dọ̀ bàbá Gàmbàrí kan tó ń ta awọ. Mo rò pé ó yẹ kí àwa àlejò mọ ara wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bi mí pé ibo ni ilé mi, mo mí kanlẹ̀, mo ní ilé jìnnà, Ọ̀yọ́ ni. Bàbá náà wò mí títí. Kánò ni òun ti wá. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé awọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá ṣí àyè fún mi lórí ẹní rẹ̀, ó ní kí n jókòó, pé àlejò lálejò ń jẹ́.

Nígbà náà, tẹlifóònù tiwa ni Làmídì, dírẹ́bà lọ́rì tó ń ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, màá lọ sọ ọ́ fún Làmídì níbi tó ti ń já ẹrù, á kó o sórí mọ́ iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn rán an, á sì mú èsì bọ̀ lọ́jọ́ kẹta.

"Bá mi sọ fún ìyá mi pé mo wà dáadáa, kí wọ́n tọ́jú ara wọn."

Lọ́jọ́ kẹta: "Ìyá ẹ ní àwọn wà dáadáa. Wọ́n ní kó o má sùn síbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa fẹ́ sí ẹ láyà, pé àyà ẹ kì í gba òtútù láti kékeré."

Inú mi á dùn, màá fi súfèé délé. Ẹni tó ń ronú òtútù àyà ọmọ rẹ̀, mo sọ fún ara mi pé ọkàn onítọ̀hún ti balẹ̀. Mi ò wá wáyè lọ sílé lóṣù yẹn, mi ò sì wáyè lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bó ṣe di ọdún kan àbọ̀ nìyẹn.

Dókítà kan ló máa ń bẹ̀ wá wò ní Ọjọ́bọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá kò ní ibà, wọn ò ní egbò. Àyà ń já, oúnjẹ kò lọ, nǹkan ń rìn lórí, ẹkún ń gbọ̀n wọ́n láìnídìí. Èmi máa ń fún wọn ní oògùn orí fífọ́, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá. Dókítà ní kí n ṣíwọ́. Ó ní oògùn nìkan kò tó irú àìsàn yìí, ilé ni kó bá wa wò ó. Ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó mú ará ilé kan ṣoṣo wá, ẹni tí yóò máa tọ́jú oògùn, tí yóò máa wo bó ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n á sì jọ máa wá rí wa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kéde rẹ̀ fún gbogbo èèyàn: ará ilé kan ṣoṣo.

Ó yé wọn dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́nà tiwa. Tí ìjọba bá ní kí agboolé rán ẹnì kan ṣoṣo wá, ta ni agboolé máa rán? Ṣé obìnrin ìdáná ni? Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn Baálé ló kún orí bẹ́ǹṣì wa pẹ̀lú agbádá, ọ̀kan tilẹ̀ gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé. Àwọn aláìsàn dúró sẹ́yìn wọn. Mo wo gbogbo wọn, mo ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tó bá ní olórí, olórí rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn.

Ọ̀kan nínú wọn mú Àbẹ̀kẹ́ wá, ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀. Ọmọ Ìkòyí-Ilé ni Àbẹ̀kẹ́, ilé ọkọ ló wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àkọ́bí rẹ̀ ti kú, ọkọ rẹ̀ wà lóko, ó sì ní ọmọ ọwọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ náà lè máa ké kó kàn máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò.

"Bàbá, ṣé ó ń sùn?" ni mo bi Baálé.

"Ó ń sùn."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Nínú agboolé mi? Ta ni kì í jẹun nínú agboolé mi?"

"Kí ló jẹ lánàá?"

Baálé ronú díẹ̀. "Oúnjẹ," ó ní.

Àbẹ̀kẹ́ kò gbójú sókè. Mo kọ ọ́ sínú káàdì pé ó ń sùn, ó ń jẹun. Mo wá di oògùn oorun ọ̀sẹ̀ kan sínú bébà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Baálé, mo ní kó máa fún un ní hóró kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ sùn.

Lọ́sẹ̀ kejì, Baálé nìkan ló wá. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní oògùn náà dára, ó dára gan-an ni.

"Mo sùn," ó ní. "Mo sùn bí ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́."

"Ẹ̀yin, Bàbá?"

Ó wò mí bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ó ní ta ló máa ń gba nǹkan ẹnu lọ́wọ́ àlejò tí á gbé e fún ìyàwó ilé láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò? Ṣé wọn kì í tọ́ ọ wò ní Ọ̀yọ́ ni? Ó tọ́ hóró kìíní wò, kò sí májèlé níbẹ̀. Ó tọ́ èkejì wò kó lè dá a lójú. Kó tó dá a lójú tán, oògùn ti tán. Mo bi í pé ìyàwó náà ńkọ́. Ó ní ó wà ńbẹ̀, kí n tètè fún òun ní òmíràn.

Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí. Lọ́jọ́ náà mi ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣe ohun tó yẹ náà. Mo ṣàlàyé fún Baálé títí, mo tún dì í fún un.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ìyá Sùlè ni wọ́n ń pè é. Ìyálé Àbẹ̀kẹ́ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dísípẹ́nsà. Oògùn Àbẹ̀kẹ́ ni mo wá gbà. Kò kan ẹnu ẹ̀ rí láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń fún wọn."

Mo ní, "Baálé ló ń gba oògùn ilé yín, ìyá."

"Baálé ń sùn," ó ní. "Àbẹ̀kẹ́ kì í sùn. Ọjọ́ kẹrin rèé tí kò fi nǹkan kan sẹ́nu ju omi lọ. Ó ní ọmọ òun tó kú ń pe òun. Èmi ni mo ń fún èyí lẹ́kọ mu."

Gbogbo ohun tí Dókítà ní ká máa béèrè, ó ti sọ ọ́ tán kí n tó yọ káàdì. Ṣùgbọ́n kí ni mo rí? Orogún ni mo rí. Ìyá Àgbà gan-an ni mo rí, ó wá dúró síwájú tábìlì mi pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Kí lorogún fẹ́ fi oògùn orogún ṣe? Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn lé e dànù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo ní kó má bínú, kó lọ sọ fún Baálé kí wọ́n fẹsẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mi.

Kò bá mi jà. Ó tún ọmọ pọ̀n. "Ọ̀yọ́, ẹ mọ̀rọ̀ sọ," ó ní, ó sì lọ.

Lọ́jọ́rú, Àbẹ̀kẹ́ gba ẹ̀yìn agboolé lọ sídìí kànga. Ìyá Sùlè ń rokà lọ́wọ́. Ó rí i pé kò mú doro tí wọ́n fi ń fa omi dání. Ó ju orógùn tó fi ń rokà sílẹ̀, ó sáré, ó fọwọ́ méjèèjì gbá a mú níbàdí, àwọn méjèèjì ṣubú sínú ẹrẹ̀. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ń gé e jẹ, kò fi í sílẹ̀, títí àwọn èèyàn fi dé.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo wọn wá. Eyín Àbẹ̀kẹ́ ṣì hàn lápá Ìyá Sùlè. Dókítà fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ta ló gbá a mú?"

"Orogún ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló ń tọ́jú ọmọ?"

"Orogún ẹ̀ ni."

"Ó ní òun wá síbí lọ́jọ́ Ajé, òun sì sọ fún ẹ pé kò jẹun."

Ọpẹ́lọpẹ́ pé Dókítà kì í ṣe aláriwo.

"Ta wá ni ará ilé Àbẹ̀kẹ́, Dísípẹ́nsà?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, ìdáhùn náà sì máa wó ohun tí mo ti gbà gbọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.

Dókítà gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Baálé. Ó jókòó tì í, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ yìí kéré jù fún yín. Ẹ bá wa yan ẹnì kan tí yóò máa ṣe é lórúkọ yín." Baálé wúkọ́ díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa ọ̀wọ̀ agboolé wọn, ó wá na ìka sí Ìyá Sùlè bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ sí mi létí pé hóró tòun ńkọ́. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ oògùn oorun gbọ́dọ̀ mú ará ilé tirẹ̀ wá.

Ìyá Sùlè so oògùn mọ́ etí ìró rẹ̀, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbikíbi. Kì í fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ń fún un ní iṣẹ́ kéékèèké bí Dókítà ṣe ní kó ṣe: lónìí kó ṣa ẹ̀wà, lọ́la kó gbálẹ̀ iwájú ilé. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú ọmọ, ó ń jẹ́ kó sọ ọ́, kì í ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Ó pé oṣù kan, ó ku díẹ̀ kó pé méjì. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì ló ń jà. Àbẹ̀kẹ́ ní Ìyá Sùlè fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ jẹ́. Ìyá Sùlè ní ẹnu ta ló ń sọ̀rọ̀ iyọ̀, ṣé ẹnu tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí yanrìn lóṣù tó kọjá? Àbẹ̀kẹ́ ní ìyẹn kò ní kí wọ́n pa òun. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo kọ ọ́ sínú káàdì: ó ti ń bá orogún jà nítorí iyọ̀. Dókítà kà á, kò pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mo ń kiri Sábó tí mo ń káàánú ara mi pé mo wà ní ìdálẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kúrò ní Ìkòyí-Ilé, Ìyá Sùlè náà ní ìlú tirẹ̀ kó tó wá sílé ọkọ. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé ìyá mi wá sí Ọ̀yọ́, Fìdítì ni wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà wá. Kò sẹ́ni tó bi èyíkéyìí nínú wọn pé báwo ni ìdálẹ̀ ṣe rí. Ẹni méjì tí wọ́n jẹ́ àlejò lábẹ́ òrùlé kan náà fún ọgbọ̀n ọdún, gbogbo wa la rò pé ìjà nìkan ni wọ́n lè bá ara wọn ṣe.

Mo lọ bá Làmídì níbi tó ti ń já ẹrù.

"Làmídì, ìyá mi tó o máa ń jíṣẹ́ fún, báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n sọ? Wọ́n ga. Wọ́n pupa."

"Ìyá mi kúrú. Wọ́n dúdú."

Làmídì gbé àpò gààrí èjìká rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá kúkúrú kan máa ń jókòó lẹ́yìn wọn," ó ní. "Ìyẹn kì í sọ̀rọ̀. Adití ni mo pè é."

"Ta ló ní àyà mi kì í gba òtútù?"

"Èyí tó ga ni. Ṣé òun kọ́ ni ìyá ẹ? Òun ló ń rán mi ní gbogbo ẹ̀."

Mo jókòó sórí àpò gààrí yẹn. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ń gba ọ̀rọ̀ ìyá sétí, tí mo ń fi súfèé relé. Ẹni tí mi ò lè jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ mi láti ọgbọ̀n máìlì. Ìyá mi sì ti dákẹ́ débi pé dírẹ́bà pè wọ́n ní adití.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ lọ́rì. Mo bá wọn níwájú ilé, oòrùn ti yí. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ń dirun fún wọn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn pé lọ́jọ́ náà, inú mi wà nílẹ̀ pẹ̀lú àyà mi.

"Dísípẹ́nsà," ni Ìyá Àgbà wí, kò dáwọ́ irun dúró. "O káàbọ̀. A rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi ọ́ jọba ni."

"Ẹ ṣeun, mà. Ìyá mi, ṣé ẹ ń sùn?"

Ìyá mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ò fọhùn. Ìyá Àgbà ló dáhùn.

"Ó máa ń sùn díẹ̀ tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́. Nǹkan orí ẹ̀ ló ń jí i. Tí ìka mi bá wà nínú irun, nǹkan náà kì í rìn. Bí mo bá ti dì í tán, màá tú u, màá tún un dì. Irun kan náà ni mo ń tú látọdún èṣí, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi pe ara wọn ní ìyá mi fún Làmídì.

"Ó bèèrè ìyá dísípẹ́nsà," wọ́n ní. "Kí n ní kò sí nílé? Kí n ní ó wà nílé ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀? Tí mo bá rán an bẹ́ẹ̀ sí ọ, ṣé o máa wá?"

Mo ń wo ìka wọn nínú irun.

"O ò ní í wá. O kàn máa máa ṣàìsùn níbẹ̀ ni. Ẹnì kan tí kò sùn nínú ilé ti tó." Wọ́n tú ẹsẹ̀ irun kan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Oúnjẹ wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o ti yó."

"Ebi ń pa mí, mà," mo ní.

Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bu ọkà wá. Mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, lójú wọn, mo pọ́n àwo lá. Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ bù sí i, wọ́n pẹ́ nínú ilé kí wọ́n tó jáde, ojú wọn sì pọ́n.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n bá mi lọ rí Dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé èmi ni màá ṣe ará ilé wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fọhùn.

"Ta ló máa dirun fún mi níbẹ̀?" wọ́n ní.

Àwa mẹ́ta la jọ wọ lọ́rì Làmídì. Làmídì kí àwọn méjèèjì ní "Ẹ kú ìrìn, ìyá dísípẹ́nsà," kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo wọ aṣọ funfun mi, mo mú àwọn méjèèjì wọlé tọ Dókítà, mo jókòó ti ìyá mi. Dókítà bèèrè bí wọ́n ṣe ń sùn. Mo dáhùn. Ó bèèrè ohun tí wọ́n jẹ lánàá. Mo wo ojú Ìyá Àgbà. Ó bèèrè ohun tó máa ń bà wọ́n lẹ́rù tí wọ́n bá jí. Ìyá mi la ẹnu, wọ́n wò mí, wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́, wọn ò fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Dókítà rí i. Ó gbé kálámù sílẹ̀.

"Dísípẹ́nsà, jọ̀ọ́, bọ́ síta. Ará ilé nìkan ni mo fẹ́."

Mo dìde. Ìyá Àgbà sún sí àyè mi, wọ́n ki ìka bọ irun ìyá mi, mo sì fa ilẹ̀kùn dé.

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró. Ó dùn mí, mi ò ní í parọ́. Ó sì tún tù mí lára. Láti inú yàrá, mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ lọ bí omi, wọn ò dánu dúró. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú sí mi.

"Dísípẹ́nsà, wọ́n lé ìwọ náà síta?"

"Wọ́n lé mi síta, Bàbá."

"Ta lo mú wá?"

"Ìyá mi ni."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. O wá fi ìyá rẹ sílẹ̀ nínú ibẹ̀ lóun nìkan? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

"Ìyá mi náà ni," mo dá a lóhùn.